Core mẹ́rìndínlógún, ọmọrogùn kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú database ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Challenge, n'Ìbàdàn níbí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn. PostgreSQL, ètò database ọ̀fẹ́, la ń lò. Lóṣù tó kọjá, a ra server àlòkù tó ní processor méjì, core mẹ́jọ mẹ́jọ, owó gidi ló sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù, tí àwọn akọ̀wé mẹ́rìnlá bá jọ ń gba owó wọlé, ó ń falẹ̀ bíi ti àtijọ́ tó ní core mẹ́rin. Ẹni tó bá wa tò ó gbé max_connections (iye ìsopọ̀ tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà) lọ sí 500, kò yí nǹkan kan padà. Alága ń bi mí pé kí ni mo fi owó rà. — *Àbúrò yín, Challenge*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Server yẹn kò bàjẹ́, o kò sì fi owó ẹgbẹ́ ṣòfò. Core ni ọwọ́ tí processor fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ lo rà, iṣẹ́ tó bá ṣeé pín ni ọwọ́ púpọ̀ sì wúlò fún. Lọ sí Bódìjà lọ́sàn-án kí o wo ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá wà níbẹ̀, ọ̀kan á máa bu ọbẹ̀, ọ̀kan á máa gé ẹran, ọ̀kan á máa gba owó, oníbàárà á sì máa rí tirẹ̀ gbà kíá. Àmọ́ ìkòkò tó wà lórí iná, ẹnì kan ló ń di ọmọrogùn rẹ̀ mú. Kò sí bí àwọn méje yòókù ṣe lè bá a rò ó kó tètè jinná.

PostgreSQL máa ń yan process kan (òṣìṣẹ́ kan nínú kọ̀ǹpútà) fún ẹnikẹ́ni tó bá so mọ́ ọn. Akọ̀wé mẹ́rìnlá, process mẹ́rìnlá, Linux á sì gbé wọn sórí core tó bá ṣófo. Kí version 9.6 tó jáde ní 2016, query kan ṣoṣo (ìbéèrè tí a fi ránṣẹ́ sí database) kò lè lò ju core kan lọ. Ní báyìí, query tó ń ka tábìlì ńlá lè pe olùrànlọ́wọ́, méjì ni wọ́n sì fi sínú max_parallel_workers_per_gather láti version 10. Kíkà nìyẹn o. Iṣẹ́ UPDATE (yíyí dátà padà) àti DELETE (pípa á rẹ́), ẹnì kan ló ń dá a ṣe.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, jókòó ti server náà lọ́jọ́ ìparí oṣù. Tẹ àṣẹ Linux tó ń jẹ́ top, kí o wá tẹ 1, wàá rí gbogbo core ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá ń làágùn, ọwọ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹyọ kan bá ń làágùn tí àwọn yòókù sì ń sùn, query kan ló wúwo, index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí database tètè rí ohun tó ń wá) ni kí o lọ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń sùn tí àwọn akọ̀wé sì ń dúró, wọ́n ń dúró de nǹkan ni, èyí sì ni mo fura sí ní tìrẹ. Ṣí pg_stat_activity, àkójọ ohun tí process kọ̀ọ̀kan ń ṣe, wo òpó wait_event_type, tó ń sọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Tó o bá rí Lock, Lock, Lock láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn ló di ohun tí wọ́n fẹ́ mú, o ti mú olè.

Mo mọ olè yẹn. Ní 2011, ilé ìtajà oògùn kan ní Dùgbẹ̀ pè mí ní Sátidé. Agbowó méjìlá ló wà ní káńtà, ìlà ènìyàn ti dé ojú títì. Obìnrin kan pọn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, ó di ìwé dókítà mú, ó ń wo agbowó, agbowó ń wo kọ̀ǹpútà. Mo lọ sẹ́yìn lọ wo server: core mẹ́jọ, kò sí èyí tó ń ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Nígbà tó yá ni mo rí tábìlì kan tó ní ìlà kan ṣoṣo: nọ́ńbà rìsíìtì tó kàn. Agbowó á kọ́kọ́ fi UPDATE gba nọ́ńbà yìí, lẹ́yìn náà ni á wá yẹ oògùn wò bóyá ó kù, á yọ ọ́ kúrò nínú ọjà, á ṣírò owó, á tẹ rìsíìtì, kó tó wá ṣe COMMIT, ìyẹn kó fi òǹtẹ̀ lu iṣẹ́ náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn mọ́kànlá yòókù kò lè fọwọ́ kan ìlà náà. Bébà ti há sínú printer ní káńtà kẹta. Bébà yẹn ló dá gbogbo ṣọ́ọ̀bù dúró. Ojú obìnrin yẹn ṣì ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ń yẹ database oníṣòwò wò.

Ó ṣeé ṣe kí irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà ní tìrẹ: bóyá nọ́ńbà rìsíìtì, bóyá àpapọ̀ owó òòjọ́ tí gbogbo akọ̀wé ń fi kún. Bó bá jẹ́ àpapọ̀ ni, má tọ́jú rẹ̀ sójú kan, fi SUM ṣírò rẹ̀ nígbà tí alága bá bèèrè. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ni, lo sequence. Sequence á fún ẹni tó bá dé ní tirẹ̀, kò ní dúró kó parí iṣẹ́. Àmọ́ bí iṣẹ́ kan bá dànù lágbedeméjì, nọ́ńbà á fò, ọ̀díta kì í sì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ta kú, gbé UPDATE nọ́ńbà yẹn lọ sí ìgbẹ̀yìn pátápátá, kó ku COMMIT nìkan, kí wọ́n sì tẹ rìsíìtì lẹ́yìn COMMIT. Wọ́n á ṣì tò, ṣùgbọ́n ìlà náà á máa rìn.

Alága, ṣírò yìí ni kí o fi hàn án. Gene Amdahl ló ti là á sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1967. Ká ní iṣẹ́ ìparí oṣù ń gba wákàtí kan lórí core kan, tí ìṣẹ́jú 15 nínú rẹ̀ kò sì ṣeé pín. Core 16 á pín ìṣẹ́jú 45 tó kù, á di nǹkan bíi 3, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ bíi 18. Tí ẹ bá lọ ra core 32, ó di bíi 16 àbọ̀. Ẹ ti fi owó server mìíràn ra ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ìṣẹ́jú 15 yẹn ni kí o bá jà.

Dá max_connections padà sí 100. Connection kọ̀ọ̀kan ń jẹ RAM tirẹ̀, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ ju core lọ jìnnà, wọ́n á máa ti ara wọn ni. Bí wẹ́ẹ̀bù ẹgbẹ́ náà bá ń so mọ́ ọn, fi PgBouncer síwájú, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè pín connection díẹ̀ lò. Fún core 16, nǹkan bí connection 30 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Yẹ shared_buffers náà wò, RAM tí PostgreSQL yà sọ́tọ̀ fún dátà tó ń lò. 128MB ni wọ́n ń gbé e jáde, ìdá kan nínú mẹ́rin RAM la sì sábà ń fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé processor méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní RAM tó sún mọ́ ọn, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó mú nǹkan nínú ti èkejì. Rí i pé vm.zone_reclaim_mode, ètò kan nínú Linux, jẹ́ 0.

Ìbéèrè: Ṣọ́ọ̀bù ìwé ni mo ní ní Ìwó Road. SQL Server Express 2019, database ọ̀fẹ́ ti Microsoft, ni ọmọ mi fi sí i. Mo ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá, core 16, RAM 64GB, kò yára sí i. — *Bàbá oníwèé*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Express 2019 kò ní lò ju processor kan tàbí core mẹ́rin lọ, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Nínú RAM, nǹkan bíi 1,410MB ló ń fi tọ́jú dátà tó ń kà, database kan kò sì gbọ̀dọ̀ ju 10GB lọ. Core mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù yín ń lò, ìyókù kàn wà níbẹ̀ ni. Kí ọmọ yín má sáré lọ ra Standard, ẹ̀dà olówó rẹ̀, nítorí láti 2012, wọ́n lè fi iye core ta á, ó kéré tán mẹ́rin lórí processor kan, tàbí kí wọ́n ta á fún server pẹ̀lú ìwé àṣẹ fún olùlò tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. PostgreSQL kò gba kọ́bọ̀, ó sì máa lo gbogbo core yín. Ẹ ní kó gbé e yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa fsync nínú PostgreSQL kí owó-oṣù lè yára wọlé. Ṣé kí n ṣe é? — *Mọ́níyà*

Ìdáhùn: Rárá o. fsync ló ń dúró kí dísíìkì jẹ́wọ́ pé òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná nígbà tó wà ní pípa, gbogbo database lè dàrú, kó má sì dìde mọ́. Lóòótọ́ ló ń pẹ́: dísíìkì tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí nígbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, COMMIT kọ̀ọ̀kan sì lè dúró de ìyípo kan. Bó o bá ń ṣe COMMIT lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni àkókò rẹ ń lọ. Kó gbogbo owó-oṣù náà sínú BEGIN kan àti COMMIT kan, kí o sì lọ yẹ bátìrì UPS rẹ wò lónìí.