Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Gírámà Ń Ba Adùn Ewì Ìfẹ́ Látìn Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní yunifásítì, èdè Látìn sì wà lára ohun tí mò ń kọ́. Ewì ìfẹ́ ni a ń kà ní sáà yìí. Kí olùkọ́ wa tó gbà wá láyè láti sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ inú ewì kan, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, àfòmọ́ ìparí rẹ̀, àti orúkọ ọnà èdè tí akéwì lò. Nígbà tí a bá fi máa parí, ewì náà ti kú lójú mi. Ṣé dandan ni kí á máa tú u bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ó sì burú tí mo bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú ìwé mi dípò Gẹ̀ẹ́sì?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan

ÌDÁHÙN

A dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Olùkọ́ tí ó bá dúró sórí orúkọ ọnà èdè nìkan ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì, ẹ sì jàre láti ráhùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ ni pé gírámà gan-an ni àwọn akéwì Róòmù fi ṣe ọnà, ẹni tí ó bá sì fò ó kò tíì rí ewì wọn.

Ẹ jẹ́ kí á mú ewì Catullus tí a fi nọ́ńbà 85 sí, tí kò ju ìlà méjì lọ. Ọmọ ìlú Verona ní àríwá Ítálì ni Catullus, ó sì gbé ayé láàárín nǹkan bí ọdún 84 sí 54 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní: Odi et amo. Quare id faciam, fortasse requiris? Nescio, sed fieri sentio et excrucior. Òun kórìíra, òun sì nífẹ̀ẹ́; bóyá o ń béèrè ìdí tí òun fi ń ṣe bẹ́ẹ̀; òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣẹlẹ̀, òun sì ń joró. Ọ̀rọ̀ 14 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, ẹ óò rí 8. Ẹ wá ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ẹ kò ní rí ẹyọ kan. Kò sí ojú níbẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí òru. Ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe àti ohun tí ń ṣe é nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹ tún wo faciam, tí í ṣe ‘mo ń ṣe é’, kí ẹ sì wo fieri tí ó tẹ̀lé e, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí a yí padà kí ó lè túmọ̀ sí pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. A béèrè ìdí tí ó fi ń ṣe é. Ó dáhùn pé ó ń ṣe òun ni. Olùkọ́ tí ó ní kí ẹ sọ irú ọ̀rọ̀ tí fieri jẹ́ ń mú yín lọ sí ojú ọgbẹ́ náà gan-an.

Nínú èdè wa, ipò ọ̀rọ̀ ni ó ń fi olùwà àti àbọ̀ hàn: ‘Adé rí Olú’ kò lè jẹ́ ‘Olú rí Adé’ láéláé. Nínú Látìn, àfòmọ́ ìparí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí náà akéwì lè gbé ọ̀rọ̀ sí ibi tí ó bá wù ú. Ìlà tí Propertius, akéwì Róòmù mìíràn, fi ṣí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Cynthia prima suis miserum me cepit ocellis: Cynthia ni ó kọ́kọ́ fi ẹyinjú rẹ̀ mú èmi ẹni ìyà. (Àwọn ará Róòmù a máa pe olólùfẹ́ wọn ní ocellus, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni ọ̀wọ́n ní ẹyinjú.) Suis, ‘tirẹ̀’, bá ocellis mu ní ìparí, ṣùgbọ́n akéwì yà wọ́n nípá, ó sì ti ara rẹ̀, miserum me, pẹ̀lú cepit, ‘mú’, sí àárín wọn. Kí ẹyinjú náà tó dé etí wa, ó ti mú ọkùnrin náà, ó sì há sí àárín rẹ̀ lórí ìwé. Hyperbaton ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ìyànípá yìí. Ẹ kọ́kọ́ wá ọkùnrin tí ó há náà rí; orúkọ yẹn lè tẹ̀lé e.

Ẹ sì máa kà á sókè. Ewì 5 ti Catullus bẹ̀rẹ̀ báyìí: Vivamus, mea Lesbia, atque amemus, ‘Jẹ́ kí á gbé ayé, Lesbia mi, kí á sì nífẹ̀ẹ́.’ Amamus ni ‘a nífẹ̀ẹ́’. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó yí padà kí ó tó di amemus, ‘jẹ́ kí á nífẹ̀ẹ́’. Etí tí ó ti ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ láti kékeré yóò tètè gbọ́ ọ. Ìpajẹ fáwẹ̀lì tún wà níbẹ̀, irú èyí tí ó sọ ‘gbé ọmọ’ di ‘gbọ́mọ’: fáwẹ̀lì tí ó gbẹ̀yìn Lesbia kò jáde lẹ́nu níwájú atque, ti atque náà kò sì jáde níwájú amemus, tí orúkọ obìnrin náà fi ṣàn wọ inú ìfẹ́ láìdúró. Nínú ewì kan náà, lux, ‘ìmọ́lẹ̀’, ni ó parí ìlà 5, nox, ‘òru’, sì ni ó bẹ̀rẹ̀ ìlà 6.

Ní ti ìtumọ̀ sí Yorùbá, kò burú rárá, pàápàá nítorí àwọn ibi tí Yorùbá bá ti kọ̀. Odi et amo kò ní àbọ̀. Tí ẹ bá kọ ‘mo kórìíra rẹ̀, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀’, ẹ ti fi ẹnì kan sí ibi tí Catullus kò fi ẹnikẹ́ni sí. Excrucior tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Crux, igi tí àwọn ará Róòmù ń kan ẹrú àti ọ̀daràn mọ́, wà nínú ọ̀rọ̀ náà, akéwì sì wà lórí igi náà láìjẹ́ pé a dárúkọ ẹni tí ó kàn án mọ́ ọn. ‘Wọ́n ń dá mi lóró’ mú àwọn kan wọlé. ‘Ó ń dá mi lóró’ lè jẹ́ obìnrin náà, ó sì lè jẹ́ ìfẹ́ fúnra rẹ̀. ‘Mò ń joró’ kò mú ẹnikẹ́ni wá, ṣùgbọ́n igi náà ti sọnù. Èyí tí ó kẹ́yìn ni èmi yàn lókè. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdánù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.