Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Ike Lè Gbé Iná Mànàmáná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mo ń kọ́ ní Ọ̀tigbà, n'Íkẹjà. Ọ̀gá mi ní ohun tó ń tàn nínú ojú fóònù OLED (irú èyí tí èròjà inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀) kì í ṣe irin, pé ìdílé kan náà ni òun àti ike. Ike yìí kan náà la fi ń bo wáyà kí iná má baà gbé wa! Ṣé òótọ́ sì ni pé páńẹ́ẹ̀lì sólà tó ṣeé ká bí ẹní ti wà? — Ọmọṣẹ́, Mushin.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ. Kábọ́nù ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe di ara wọn mú ni ó yàtọ̀. Nínú ike ara wáyà, gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ègé tín-ín-tìn-ín tó ń gbé iná, há sáàárín àwọn átọ́ọ̀mù, wọn kò ráyè rìn. Ṣùgbọ́n níbi tí ìdè oníkan (ibi tí átọ́ọ̀mù méjì ti so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) bá ti ń tẹ̀ lé ìdè oníméjì (ibi tí wọ́n ti so pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì) láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n átọ́ọ̀mù dé òpin rẹ̀, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan a rí ọ̀nà gbà. Ní 1977, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger, fi èéfín áyódíìnì kan irú ike bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ láti gbé iná sì di ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá. Iṣẹ́ yìí ló fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 2000.

Nínú OLED, tí Tang àti Van Slyke ti ilé iṣẹ́ Kodak fi han aráyé ní 1987, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, àyè òfìfo tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde.

Ó dá mi lójú pé ẹ ti rí ojú OLED tó sán, tí dúdú kékeré etí rẹ̀ fẹ̀ sí i lọ́jọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ló gba ibi tó sán wọlé, tí wọ́n ń ba èròjà náà jẹ́. Ọ̀tá yìí kan náà ló ń dá sólà oníke dúró, ìyẹn èyí tó ṣeé ká bí ẹní tí ẹ béèrè. Ó wà lóòótọ́, ó fúyẹ́, a lè tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé ìròyìn, èyí tó dára jù nínú yàrá ìwádìí sì ti ń sọ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Ṣùgbọ́n oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi kì í jẹ́ kó pẹ́ tó sílíkọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì sólà tó wọ́pọ̀. Ní Èkó wa yìí, tí ọ̀sà àti òkun yí ká, sílíkọ́ọ̀nù ni kí ẹ ṣì gbé sórí òrùlé. Ní ti ojú fóònù tó sán, ẹ má ṣe ṣèlérí fún oníbàárà pé dúdú náà yóò dúró síbi tó wà.