Ẹni tí wọ́n gún ti dárí jì í, kí ló dé tí àbúrò mi ṣì wà ní Kírikírì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà wa. Àbúrò mi ọkùnrin bá awakọ̀ kan jà ní gáréèjì ní Ìyànà-Ìpájà, ó sì fi ìgò gún un níkùn. Ọlọ́run yọ ọ́, awakọ̀ náà ti kúrò nílé ìwòsàn, àwa la san owó ìtọ́jú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe áfídáfíìtì pé òun ò ṣe ẹjọ́ mọ́. Síbẹ̀, ìgbìyànjú láti pànìyàn ni ọlọ́pàá kọ sílẹ̀, májísíréètì sì ní kí wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí Kírikírì títí ìmọ̀ràn DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, yóò fi dé. Ibo la ti lè fẹjọ́ májísíréètì yìí sùn?

Ìdáhùn: Ẹ má fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn o. Májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ irú ẹ̀sùn yìí dópin, ilé ẹjọ́ gíga ló ni ín. Ohun tó ṣe yẹn wà nínú òfin.

Ẹ mú ìwé ẹ̀sùn àbúrò yín, kí ẹ wo òkè rẹ̀. “Commissioner of Police” lẹ ó rí níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni orúkọ àbúrò yín. Tí ẹjọ́ bá dé ilé ẹjọ́ gíga, ìpínlẹ̀ Èkó ni yóò wà lókè. Orúkọ awakọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ rárá, àfi nínú àlàyé ẹ̀sùn. Ìjọba ló pẹjọ́, ẹlẹ́rìí lòun. Ẹni tí kò pẹjọ́ kò lè fà á yọ. Ká ní ẹjọ́ gbèsè tàbí ẹjọ́ ilẹ̀ ni, òun ì bá lè dìde lọ́la kó ní òun ò ṣe mọ́.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹbí tí ojú ń pọ́n, pé áfídáfíìtì “mo ti dárí jì í” yóò ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ kejì. Irọ́ ni! Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 211, fún Attorney-General ìpínlẹ̀, ìyẹn olórí ètò òfin ìjọba ìpínlẹ̀, lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti láti dá a dúró kí ìdájọ́ tó wáyé. Nínú ẹjọ́ State v. Ilori ní 1983, olùfisùn fẹ́ kí ẹjọ́ tẹ̀ síwájú, Attorney-General Èkó ní kó dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní ó lágbára bẹ́ẹ̀. Bí olùfisùn kò ṣe lè fipá mú ẹjọ́ rìn nìyẹn, kò sì lè fipá dá a dúró.

DPP ni ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò tó ń báni ṣẹjọ́ lórúkọ ìjọba, lábẹ́ Attorney-General. Ọlọ́pàá yóò fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí i ní Alausa. Yóò wò ó bóyá ẹ̀rí tó, àti ẹ̀sùn wo gan-an ló bá ẹ̀rí mu. Ibí ni ìdáríjì ti wúlò. Kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà sí DPP, kó so ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà àti rìsíìtì ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Ó lè mú kí wọ́n dín ẹ̀sùn náà kù sí ti ìpanilára. Ó tún lè ṣíṣẹ́ níwájú adájọ́ nígbà béèlì, tàbí nígbà tó bá ń wo irú ìyà tó yẹ. Mi ò ṣèlérí o, mi ò rí fáìlì yín. Ìjà kékeré tí kò dé ojú ọ̀ràn ńlá nìkan ni kóòtù fúnra rẹ̀ lè rọ àwọn méjèèjì láti parí.

Owó ìtọ́jú tí ẹ san dára. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fún awakọ̀ yẹn lówó pé kó má wá jẹ́rìí tàbí kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, ẹ̀yin àti òun lè jọ wẹ̀wọ̀n lé e lórí. Tí kóòtù bá fìwé pè é, dandan ni kó wá.

Àtìmọ́lé yìí kò gbọdọ̀ wà láìlópin. Òfin fi gbèdéke sí i, tó bá ti kọjá, tàbí kódà kó tó kọjá, lọ́yà lè lọ sílé ẹjọ́ gíga lọ tọrọ béèlì. Tí ẹ ò bá lówó lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Public Defender ti ìjọba Èkó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ kóòtù àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí dání. Lọ́la ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró de ìmọ̀ràn DPP.