Ẹ má tíì ra alternator, Ìyá Aládìrẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni mo ti ń ta adìrẹ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo sì ń kó ọjà lọ s'Ékòó. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí mo tan iná iwájú pẹ̀lú ẹ́síì, iná bátìrì orí dáṣíbọ́ọ̀dù á máa tàn fìrìfìrì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Òṣòdì, mọ́tò kọ̀, kò tan, àwọn ọmọkùnrin kan ló fi bátìrì tiwọn jí i fún mi. Wọ́n ní bátìrì mi ló kú, mo ra tuntun. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ fi padà síbi tó wà. Mẹkáníìkì mi wá ní kí n lọ ra alternator tòkunbọ̀. Epo ló tún dùn mí jù: táńkì kan tó ń gbé mi lọ s'Ékòó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé alternator yìí náà ló ń jẹ epo mi ni?
Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Aládìrẹ, ẹ sì kú ewu alẹ́ Òṣòdì. Ẹ má tíì ra alternator kankan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì bí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo ẹjọ́ tí ẹ rò fún mi yìí, kò sí ẹnì kan tó fi mítà kan mọ́tò náà. Wọ́n gbọ́, wọ́n dá a, ẹ̀yin lẹ san owó. Ọdún 26 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ ríwáyà, irú èyí ṣì máa ń dùn mí, nítorí mítà tó ń ka fóòtì kò wọ́n tó bátìrì tí ẹ rà.

Kí ríwáyà yín gbé mítà wá láàárọ̀, kí ẹ tó tan mọ́tò. Ẹnu pupa sórí pupa, dúdú sórí dúdú. Bátìrì tó kún tó sì sinmi mọ́jú máa ń ka nǹkan bí 12.6. Bó bá ka 12.2, bí ìdajì ló kù nínú rẹ̀. Kí ẹ wá tan mọ́tò, kí nọ́ńbà náà gòkè dé àárín 13.8 sí 14.5. Bó bá dúró sórí 12 tó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí nǹkan tó ń dé ọ̀dọ̀ bátìrì nìyẹn. Ibi tí tiyín wà gan-an ló kù: ẹ tan iná iwájú sí gíga, ẹ tan ẹ́síì, kí fáànù rẹ̀ lọ dé òpin, kí ẹnì kan wá tẹ ẹsẹ̀ epo (accelerator) díẹ̀. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ dúró lókè 13. Bó bá já sí 12.5, àbùkù wà lóòótọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe alternator la ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi iná fóònù tan bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì tó ti gbó máa ń dán nínú bí adìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòlù lù. Dídán yẹn ń ta ọjà fún yín, àmọ́ lára bẹ́líìtì, yíyọ̀ ló ń fà. Ẹ ó rí eruku rọ́bà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Corolla tiyín, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí alternator àti ẹ́síì, tensioner kan ló sì ń fà á le. Bí tensioner bá ti rẹ̀, ọ̀sán á máa lọ dáadáa. Ìgbà tí ẹ́síì bá gbé ẹrù tirẹ̀ lé e, tí iná iwájú tún ń béèrè tiwọn, ni bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó bá ohun tí ẹ kọ mu.

Lẹ́yìn èyí, wáyà. Olùkọ́ kan gbé mọ́tò wá bá mi n'Íjẹ̀bú-Òde, bí ọdún méje sẹ́yìn. Mo pa alternator rẹ̀ dà, ọjọ́ kejì ló padà dé pẹ̀lú iná bátìrì kan náà. Wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnì mọ́ lójú, àmọ́ nígbà tí mo fi ọ̀bẹ la rọ́bà rẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló dà sọ́wọ́ mi, fọ́nrán kọ́pà tó kù nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, n kì í tú alternator láì kọ́kọ́ wọn wáyà: ẹnu mítà kan lórí ìdè ńlá ẹ̀yìn alternator, ìkejì lórí pupa bátìrì, kí gbogbo iná wà ní títàn. Bó bá ju 0.3 lọ, wáyà ló ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ara alternator sí orí dúdú náà.

Bí gbogbo èyí bá dára, a lè wá fọwọ́ kan alternator. Kàbọ́ọ̀nù (carbon brush) inú rẹ̀ àti regulator tó ń ṣàkóso iná rẹ̀ sábà máa ń ṣeé pààrọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí a tún tiyín ṣe ju kí ẹ ra tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye kàbọ́ọ̀nù tó kù nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ orí bátìrì nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò, ẹ má gbà. Iná tó máa fò sókè lójijì lè ba brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, jẹ́.

Ti epo wá ńkọ́? Bí iná bá kéré, brain box á jẹ́ kí nozzle tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnì pẹ́ sí i ní ṣíṣí, ìyẹn lè jẹ epo díẹ̀. Àmọ́ odindi ìrìn àjò kan nínú mẹ́ta ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tèmi sí mẹkáníìkì yín ni pé: ṣé ó ti yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná, kúrò? Púpọ̀ nínú wọn ló ń yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Nǹkan bí ìwọ̀n 82 Celsius ni thermostat máa ń ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi tútù á máa yí ẹ́ńjìnì ká láìdúró, brain box á rò pé àárọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò, á máa da epo sí i. Bí ẹ bá fi máa dé Ewékorò, ó yẹ kí ọwọ́ gééjì ìgbóná ti wà nítòsí àárín. Bó bá ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ ra thermostat.

Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ka brain box sí i, pàápàá fún oxygen sensor tó ń wo èéfín ẹ́ńjìnì. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ bó ṣe wà lára ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá dúró, ẹ fọwọ́ sún mọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ló ń di. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, kò sí èyí tó kéré nínú àwọn ohun tó ń jẹ epo yìí.

Ẹ fi nọ́ńbà àárọ̀, nọ́ńbà ìgbà tí gbogbo iná wà ní títàn, àti ibi tí gééjì dúró ní Ewékorò ránṣẹ́ sí mi. Kó tó dìgbà náà, bí ẹ bá ń ti Èkó bọ̀ lálẹ́, ẹ pa ẹ́síì, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí iná iwájú lè rí nǹkan jẹ dé ilé.