Ó Ń Kà Dé Ọgbọ̀n, Ṣùgbọ́n Kò Mọ Márùn-ún

Màmá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Ó ń ka ení, èjì dé ọgbọ̀n láìsinmi, àwọn àlejò a sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ kan mo ní kó kó ṣíbí márùn-ún wá fún mi, ẹ̀kúnwọ́ ló kó wá. Mo ní kó kà á. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á dé ẹ̀jọ, kò ṣì í kà rárá. Mo wá bi í pé, “Mélòó ni?” Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un kà. Inú bí mi, mo jágbe mọ́ ọn, ó sì bú sẹ́kún. Ṣé ó ń fi mí ṣeré ni, àbí nǹkan ń ṣe é?
Bàbá Àdùkẹ́

Bàbá Àdùkẹ́, nǹkan kan kò ṣe ọmọ yín, kò sì fi yín ṣeré. Lójú tiyín, “mélòó ni?” ń béèrè iye. Lójú tirẹ̀, ohun tí ẹ ń wí ni pé kó kà á kí ẹ gbọ́. Ó sì kà á fún yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á mọ́ra lónìí, kí ẹ sọ fún un pé ó kà á dáadáa, torí òótọ́ ni.

Ọmọ lè ka nọ́ńbà bí ẹni ń kọrin, kó má tíì mọ̀ pé ẹ̀jọ tí òun pè kẹ́yìn ni iye gbogbo ṣíbí tó wà nílẹ̀. Lọ́dún 1978, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, to àwọn ohun tó wà nínú kíka nǹkan sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn kan ọ̀rọ̀ wa: kí orúkọ nọ́ńbà máa tẹ̀ léra bákan náà nígbà gbogbo, kí nǹkan kan gba orúkọ kan ṣoṣo, kí èyí tá a bá pè kẹ́yìn jẹ́ iye gbogbo wọn. Àdùkẹ́ ti mọ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ló kù, òun ló sì ṣòro jù.

Irú ohun tí ẹ ṣe yẹn náà ni Karen Wynn ṣe nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 1990. Ó ní kí àwọn ọmọ kéékèèké kó iye nǹkan ìṣeré kan fún òun, àwọn tó mọ nọ́ńbà lẹ́nu sì ń kó ẹ̀kúnwọ́ lásán. Ọmọ a kọ́kọ́ mọ ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Oṣù mélòó kan lè wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ bá ṣe kà jìnnà tó ni mo fi ń mọ̀ ọ́n lọ́lọ́gbọ́n. Ó ń dùn mí títí dòní, torí mo mọ iye ọmọ tí mo sáré kọjá lára wọn.

Nítorí náà, ẹ fi ọgbọ̀n sílẹ̀ ná. Ẹ padà sórí méjì àti mẹ́ta. Èdè wa gan-an ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ení, èjì, ẹ̀ta là ń kà, ṣùgbọ́n ṣíbí mẹ́ta là ń wí, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé “ṣíbí ẹ̀ta”. Ẹ jẹ́ kí etí ọmọ gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ má dákẹ́ sórí ẹ̀ta. Ẹ fi ìka yí gbogbo rẹ̀ ká nílẹ̀, kí ẹ wá pè é: “Ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣíbí mẹ́ta.” Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé agolo òfìfo kan wá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ń lò. Ọmọ á máa ju bọ́tìnì sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró kan fún orúkọ kan. Kọ̀ọ́, ení. Kọ̀ọ́, èjì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan ju mẹ́rin sí i, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu agolo náà. Mo bi í pé mélòó ló wà níbẹ̀. Kò rí wọn mọ́, kò sí bó ṣe lè tún wọn kà. Ó wo agolo, ó wo ojú mi, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Mẹ́rin.” Mo da agolo náà sórí ẹní, ó kà á, mẹ́rin ló pé. Ó ké, ó fò sókè, ó ní kí n tún un ṣe!

Ẹ rí i pé bíbo tá a bo nǹkan yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà. Bí ṣíbí bá ṣì wà níwájú Àdùkẹ́, á tún un kà. Bí ẹ bá fi aṣọ bò ó, orúkọ tó pè kẹ́yìn nìkan ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì sọ ọ́ di ìdánwò. “Mú ìbọ̀sẹ̀ méjì wá.” “Bọ́tìnì mẹ́ta ló kù tá ò tíì dè.” Ìwádìí tí Susan Levine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé àwọn ọmọ tí òbí wọn ń fi nọ́ńbà bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa láti oṣù 14 sí 30 mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n pé oṣù 46.

*

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ń kà dáadáa dé ẹẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ìyẹn, á ní “aárùn-únlá”. Ṣé kí n kúkú máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ni?
Ìyá Dámilọ́lá

Ìyá Dámilọ́lá, “aárùn-únlá” yẹn dùn mọ́ mi nínú. Oókànlá, eéjìlá, ẹẹ́tàlá, ẹẹ́rìnlá: ọmọ náà ti rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, ó sì ń bá a lọ. Èdè wa ló ṣẹ́rí padà. Láti 15, a kì í fi kún ẹẹ́wàá mọ́, inú ogún la ti ń yọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀, orúkọ 11 àti 12 níbẹ̀ kò jọ ti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ẹ má sá.

Ẹ to ìdérí ìgò ogún sílẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Ẹ ní kó mú ọ̀kan kúrò nínú ìlà ìsàlẹ̀, kí ẹ pe èyí tó kù: mọ́kàndínlógún. Kó tún mú ọ̀kan: méjìdínlógún. Á gbọ́ ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tó ń jáde nínú orúkọ wọn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kó wọn kúrò. Nígbà tí ìlà náà bá tán, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Ẹ wá dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni ọmọ tó bá ń fi ìka kà. Ṣé kí n máa gbá a lọ́wọ́?
Ìyá Tèmi

Rárá o. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá màmá sọ ọ́ pé ìka ni ohun èlò ìṣirò tí ọmọ kì í gbàgbé sílé. Lọ́jọ́ kan ẹ ó ní kó fi márùn-ún hàn yín, á sì na gbogbo ọwọ́ kan sókè lẹ́ẹ̀kan náà, láìka ìka kankan. Ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà.