Kì í ṣe awò VR ló ń kọ́ ọmọ ní 3D

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ìwé girama aládàáni kan ní Òṣogbo. Pùròpráítọ̀ wa fẹ́ kí àwọn ọmọ JSS2 àti JSS3 máa ya nǹkan 3D, kí wọ́n sì máa kọ́lé sínú ayé orí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ wá bá wa, ó ní láìsí awò VR mẹ́wàá (awò ńlá tí wọ́n ń dè mọ́ ojú láti wo ayé orí kọ̀ǹpútà bíi pé èèyàn wà nínú rẹ̀), ẹ̀kọ́ náà ò lè ṣeé ṣe. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá la ní, wọ́n ti ń gbó, íntánẹ́ẹ̀tì wa kì í sì í dúró. Irú awò wo ni ká rà?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ má ra ọ̀kankan.

Mo mọ̀ pé irú èyí tí ẹ máa rà lẹ ń bi mí, àmọ́ ẹni tó fẹ́ tajà fún yín ló fi ìbéèrè yẹn sí yín lẹ́nu. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, orin kan náà ni gbogbo wọn sì ń kọ: láìsí awò, kò sí 3D. Ó ń bí mi nínú, torí owó ilé ìwé tí ìyá kan jókòó ti àtẹ kó tó rí san ni wọ́n fẹ́ kó lọ.

3D ò ju kí nǹkan ní gígùn, ìbú àti gíga lọ. (Ẹ dákun, ẹ má pè é ní “onígun mẹ́ta” fún àwọn ọmọ. Èyí tí wọ́n ń fi rúlà yà nínú ìṣirò ni onígun mẹ́ta. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.) Fèrèsé tí à ń gbà wo ohun tí a ti kọ́ ni awò VR. Iwájú kọ̀ǹpútà lásán ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun ń jókòó sí, pẹ̀lú máòsì àti kíbọ́ọ̀dù.

Ẹ wo Second Life, ayé kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Linden Lab ní Amẹ́ríkà ṣí ayé yẹn sílẹ̀. Àwọn tó wọ ibẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé, ọjà àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀. Prim ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn àwọn ègé tó rí bí àpótí, bí bọ́ọ̀lù, bí agolo, tí èèyàn lè fà gùn, kó gé e, kó dá ihò sí i nínú, kó sì so ó mọ́ òmíràn. Àwọn yunifásítì pàápàá gba ilẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Awò VR Oculus Rift tí ará ìlú lè rà lọ́jà ò jáde títí di 2016. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni wọ́n ti ń kọ́lé kí awò yẹn tó dé! Eré Minecraft àti Roblox tí àwọn ọmọ yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ bi ọlọ́jà yẹn léèrè ọ̀rọ̀ yìí tó bá padà wá.

Ti ara àwọn ọmọ tún wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá wọ awò yẹn, ojú á ní à ń rìn, inú etí á ní a jókòó. Àìgbọ́ra-ẹni-yé yẹn ló ń fa òòyì àti èébì. Bí Apollo bá wà lójú ọmọ kan, awò tí kíláàsì ń pààrọ̀ ni yóò gbé e kiri. Meta, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò VR tó ń jẹ́ Quest, fúnra rẹ̀ kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 láàyè láti ní àkáǹtì, ẹni ọdún 10 sí 12 sì gbọ́dọ̀ lo èyí tí òbí rẹ̀ ń darí. Èmi kì í ṣe dókítà ojú o. Ọmọ tó bá ní wárápá tàbí tí ojú ń dùn, dókítà ni kí òbí rẹ̀ bi, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ọlọ́jà.

Mo dé ilé ìwé kan rí tí wọ́n ra awò VR mẹ́fà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ni mo ti bá wọn, eruku ti bò wọ́n. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ti wọ̀ ọ́, wọ́n ti pariwo, wọ́n ti ya fọ́tò. Mo ní kí wọ́n ya àpótí ìṣáná fún mi láti iwájú, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Kò sí ẹni tó lè yà á.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí wà, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má tan kọ̀ǹpútà. Ẹ kó páálí Indomie wá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yà á lójú mẹ́ta yẹn, kó tú u palẹ̀, kó tún un tò. Tíṣà Technical Drawing mọ iṣẹ́ yìí, ẹ fà á mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní téèpù, kí wọ́n wọn kíláàsì tí wọ́n jókòó sí: ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, títí dé gíga ìjókòó.

Tí wọ́n bá wá dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ lo Luanti, ìyẹn ayé orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi bíríkì kọ́ nǹkan nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni; Minetest ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, 2024 ni wọ́n yí orúkọ padà. Kọ̀ǹpútà kan ni yóò gbé ayé náà, àwọn yòókù á gba ara ráútà wọlé síbẹ̀, kò ní jẹ dátà kọ́bọ̀. Mítà kan ni wọ́n ń ka bíríkì kọ̀ọ̀kan sí, nítorí náà kíláàsì tí wọ́n fi téèpù wọn ni wọ́n máa kọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tó gbó jù. Tinkercad, ìkànnì tí wọ́n ti ń ya nǹkan 3D, náà dára, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ.

Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya nǹkan 3D, ni fún JSS3. Láti 2002 ló ti di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà tuntun lè kọ̀ láti ṣí lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ wa ẹ̀dà 2.79 tó ti pẹ́ jáde láti ìkànnì Blender fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti ibòmíràn tó lè kó kòkòrò wọlé. Ẹ rántí pé bọ́tìnnì ọ̀tún ni wọ́n fi ń yan nǹkan nínú 2.79, fídíò tuntun á ní òsì, àwọn ọmọ á sì dààmú.

Àṣìṣe tí gbogbo wọn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti kó sí ọ̀ṣọ́ kí ilé tó dúró. Àwọn agbẹ́gilére wa ti yanjú ìyẹn tipẹ́: lílé, àlétúnlé, dídán, fífín. Wọ́n á kọ́kọ́ lé igi dé ìrísí ńlá, orí, ikùn, ẹsẹ̀. Wọ́n á tún un lé kí ojú àti ọwọ́ yọ. Wọ́n á dán an. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á fín ilà sí i. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára pátákó. Ọmọ tó bá ń fín nígbà tó yẹ kó máa lé, ẹ dá a padà. Kí ẹnikẹ́ni tó sì ní òun ti ṣe tán, ẹ ní kó yí iṣẹ́ rẹ̀ po. Ẹ ó rí ilẹ̀kùn tó dúró ṣánṣán níwájú, tó jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ló wà tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ má ṣí ayé náà síta fún àjèjì. Kì í ṣe ọmọdé ni Second Life wà fún, ẹ má forúkọ ọmọ yín kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun tó bá kan àkáǹtì.

Tí pùròpráítọ̀ bá ní dandan ni kí òun náwó, ẹ ní kó ra máòsì mẹ́rìnlá tó ní táyà láàárín, torí táyà yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ láti yí nǹkan po nínú Blender, téèpù márùn-ún, àti bátìrì tó lè gbé kọ̀ǹpútà tó gbé ayé náà dúró bí iná bá lọ.