Ṣé mo lè dáwó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ra ẹ̀rọ ìránbàtà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Abẹ́òkúta ni mo wà, bàtà aláwọ ni mo ń ṣe. Ọwọ́ ni mo fi ń rán an, méjìlá ni mo sì ń rí ṣe lọ́sẹ̀. ₦25,000 ni mo ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awọ, àtẹ́lẹsẹ̀, gọ́ọ̀mù àti òwú ń gbà tó ₦11,000. Ẹ̀rọ ìránbàtà tí mo rí jẹ́ ₦1,800,000, báǹkì kò sì dá mi lóhùn torí n kò ní ohun ìdógò. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kí n lọ sórí Kickstarter, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń dáwó sí iṣẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n lè gba ohun tó bá ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn kéde lórí WhatsApp pé ẹni tó bá mú owó wá á gba èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù mẹ́fà. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kéde ìdá ọgbọ̀n yẹn. Bí èèyàn bá ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n mú owó wá kí wọ́n wá jèrè, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àjọ dídá láàárín ojúlùmọ̀, ó ti di títa ìdókòwò fún aráàlú, òfin sì wà níbẹ̀. Láti 2021 ni SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, ti gbé ìlànà jáde lórí irú ìdáwójọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kówó jọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́ńpìnnì tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, orúkọ òwò lásán kò tó. Ó sábà gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, orí ìkànnì tí SEC fọwọ́ sí sì ni owó gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ti yín kò tíì dé ibẹ̀. Àti pé níbo lẹ ó ti rí ìdá ọgbọ̀n náà san?

Ẹ̀gbọ́n yín kò ṣìnà tó bẹ́ẹ̀. Láti 2009 ni Kickstarter ti wà, ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú ètò wọn ni pé bí owó tí ẹ ní ẹ fẹ́ kò bá pé títí ọjọ́ tí ẹ dá, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá pé, wọ́n á yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń gba owó káàdì náà á yọ tiwọn. Àmọ́ Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti lè fi ètò síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ló máa lo orúkọ ara rẹ̀ àti àkáǹtì báǹkì rẹ̀. Bí bàtà kò bá dé, òun ni wọ́n máa mú. Ẹ tún wo iye tí wọ́n ń gbà láti fi bàtà kan ránṣẹ́ sí London.

Èyí tó bá yín mu ni kí àwọn oníbàárà san owó bàtà sílẹ̀, kí ẹ wá rán an fún wọn. Ibí yìí ni mo ti máa ń rí omijé, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣírò. Ẹni tó bá pín ₦1,800,000 sí ₦25,000 á ní bàtà 72 péré ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ₦11,000 tí ẹ dárúkọ. Ẹ yọ ₦3,000 fún ọmọṣẹ́, ₦3,500 fún páálí àti owó mọ́tò, àti nǹkan bíi ₦500 fún àwọn tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. ₦7,000 ló kù. Bàtà 258 lẹ máa tà kí owó ẹ̀rọ tó pé, ìyẹn sì tó nǹkan bí iṣẹ́ oṣù márùn-ún bí ẹ ṣe ń fọwọ́ rán an yìí.

Mo bá obìnrin aránṣọ kan yẹ ìwé wò níbí ní Ìbàdàn. Ó gba owó aṣọ sílẹ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ náà dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń dán, kò sì sí owó tó máa fi ra aṣọ tó fẹ́ rán lórí rẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi ń san gbèsè oníbàárà.

Nítorí náà, ẹ wá ọgọ́rùn-ún bàtà péré. ₦700,000 nìyẹn máa fún ẹ̀rọ, ẹ ó sì rán wọn tán láàárín oṣù mẹ́ta bí ẹ̀rọ tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Fún ₦1,100,000 tó kù, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ; ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́. Ẹ bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bóyá á gba owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi í náà pé ọjọ́ mélòó ni iye tó pè yẹn máa dúró, torí láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà ti já, ohun tó ti òkè òkun wá kì í dúró sójú kan.

Ẹ má retí pé íntánẹ́ẹ̀tì á kó àjèjì wá bá yín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkówójọ ní ṣọ́ọ̀ṣì: wọ́n ti bá alága sọ̀rọ̀ láti ilé kí wọ́n tó gbé máíkì lé e lọ́wọ́. Ẹ pe ọgbọ̀n èèyàn tó ti ra bàtà lọ́wọ́ yín rí, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé ohunkóhun sójú táyé. Bí ogún nínú wọn bá san, ẹ wá kéde, kí ẹ fi fídíò hàn: ọwọ́ yín, awọ, abẹ́rẹ́, àti ìdí tí ẹ̀rọ fi pọn dandan. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ olúkúlùkù sílẹ̀ àti ọjọ́ tí bàtà rẹ̀ máa dé.

Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó yìí. Kí ẹ sì yá ohun kan lọ́wọ́ Kickstarter: ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde pé bí ọgọ́rùn-ún kò bá pé lọ́jọ́ tí ẹ dá, olúkúlùkù á gba owó rẹ̀ padà. Títí dìgbà náà, ẹ má fọwọ́ kan náírà kan níbẹ̀.